Wọn Ò Béèrè Ìpàkọ́

Orí Fadérera wà láàárín orúnkún Àǹtí Wúràọlá, Àǹtí Wúràọlá sì ti kú láti èṣí. Kò sí èyí tó ṣàjèjì nínú méjèèjì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ìkirè ni wọ́n wà. Oòrùn ọ̀sán bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó na ẹsẹ̀. Ṣùkú ni Àǹtí ń dì. Ọwọ́ rẹ̀ le bó ṣe máa ń le nígbà ayé rẹ̀, ó ń fa irun bí ẹni ń fa omi nínú kànga tó jìn, awọ iwájú orí Fadérera sì ti fà lọ sókè débi pé ó ń rí àjà ilé láìgbójú sókè.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Àǹtí Wúràọlá. Onídìrí ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ló ti ń dirun àwọn obìnrin àdúgbò kí àìsàn tó gbé e ṣánlẹ̀, láàárín orúnkún yìí sì ni Fadérera ti kọ́ ohun gbogbo tó mọ̀ nípa ayé: ẹni tí kò yẹ kó bá ṣeré, bí wọ́n ṣe ń dá èébú padà láìla ẹnu, ìdí tí kò fi yẹ kó gba ẹni tó pè é ní arẹwà gbọ́ kó tó béèrè orúkọ rẹ̀. Àǹtí ò tíì lajú láti ìgbà tó ti dé. Ó pa ojú méjèèjì dé, ó ń fi ọwọ́ ríran.

Fóònù wà lórí itan Fadérera. Ó ń mí. Ara rẹ̀ gbóná bí ti ọmọ ajá, ó sì ń fi imú ti ọwọ́ rẹ̀.

"Oyin," ni fóònù wí. "Wọ́n ti dé o. Wọ́n pọ̀!"

Oyin ni orúkọ Fadérera lórí ìkànnì. Nílé, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó ń fọ abọ́, ó ń gbọ́ ìbáwí. Lórí ìkànnì kò ní ọjọ́ orí, kò sì sí abọ́ kankan níbẹ̀. Bó ṣe gbọ́ pé wọ́n ti dé, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí gúgúrú inú ìkòkò gbígbóná.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n yára lọ fi irun yìí hàn wọ́n."

"Iwájú ló parí. Ẹ̀yìn ṣì wà nílẹ̀."

"Iwájú náà ni wọ́n máa rí. Ta ló ń wo ẹ̀yìn?"

"Àwọn wo gan-an ni?"

"Àwọn èèyàn mi ni."

"Kí wọ́n wọlé nígbà náà. Ẹ̀bà wà, ọbẹ̀ wà. Kí wọ́n jókòó."

"Àǹtí, wọn kì í jẹun."

"Wọn kì í jẹun, o sì ń pè wọ́n léèyàn." Àǹtí fa irun kan, omi bọ́ lójú Fadérera. "Gbọ́ mi, Dérera. Ojú mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Orí ni mo fi ń mọ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn ará ọ̀run gbà kí n wá, torí irun yìí ni mo sì ṣe wá. Tí o bá lọ gbé orí yìí fún wọn kí n tó parí ẹ̀, tí mi ò bá dá ẹ mọ̀ mọ́ nígbà tí o bá dé, ẹni tí mo bá rò pé ìwọ ni ni mo máa dì í fún. Màá sì máa lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mò ń bọ̀ báyìí báyìí," ni Fadérera wí. Ó ti dìde kó tó sọ ọ́ tán.

Ẹnu ọ̀nà tó máa ń já sí títì kò já sí títì. Kọ́rídọ̀ ló já sí, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé Oyin ló ń gbé yàrá tirẹ̀ wá, á kàn án mọ́ ti ẹni tó ṣáájú, ilé sì ń gùn sí i. Ó gùn kọjá gáréèjì. Ó gùn kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì. Ó wọ inú oko kòkó lọ, àwọn igi kòkó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un, wọ́n sì kí i kú ilé tuntun. Fadérera ń sáré nínú rẹ̀, ilé ń sáré níwájú rẹ̀, kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń lé èkejì.

Ọwọ́ yọ lára ògiri. Ọwọ́ dúdú, ọwọ́ pupa, ọwọ́ tó kun èékánná, ọwọ́ tí yíǹkì bírò ilé ìwé ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ariwo náà gbé e. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ó dà bíi pé kò kan ilẹ̀, kò kan ilẹ̀ ni. Ó ń lọ lófuurufú, ó ń jó, ó ń mi èjìká, ṣùkú iwájú orí rẹ̀ ń dán yanran, wọ́n sì ń pariwo pé, "Oyin! Oyin! Oyin wa!"

Ọkàn pupa kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti àjà. Àwọ̀ wọn dà bí ti dòdò Ìkirè, wọ́n sì gbóná bíi tirẹ̀. Fadérera fi aṣọ gbà wọ́n, ó bù wọ́n sẹ́nu. Kò sí ata níbẹ̀, kò sí iyọ̀, kò sí epo. Ó tún bù. Bó ṣe ń jẹ ni ebi ń pa á, bí ebi sì ṣe ń pa á ni ara rẹ̀ ń yá gágá.

"Rẹ́rìn-ín fún wa!" ni ògiri wí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó bọ́ sí ọwọ́ tó sún mọ́ ọn jù, ọwọ́ yẹn nà án sí ìkejì, wọ́n sì gbé e kiri láti yàrá dé yàrá títí gbogbo ilé fi ń rẹ́rìn-ín Fadérera. Òun fúnra rẹ̀ tún la ẹnu, nǹkan kan ò jáde níbẹ̀ mọ́. Kò kà á sí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Sunkún díẹ̀!"

Ó sunkún. Wọ́n fẹ́ràn ìyẹn ju ẹ̀rín lọ. Wọ́n gba ohùn tó fi sunkún, wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù fún un, bíńtín, èyí tó lè fi sọ̀rọ̀.

Bí àtẹ́wọ́ bá sinmi, ì báà jẹ́ ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú, àyà Fadérera á ṣí bí ilẹ̀kùn fíríìjì, atẹ́gùn tútù á sì máa jáde nínú rẹ̀. Ó tètè mọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó sinmi. Ó fò, ó yí, ó pòòyì, ó fi orí rìn, ó fi ahọ́n kan imú. Àtẹ́wọ́ ò sinmi.

Kọ́mẹ́ǹtì ń rìn lára ògiri bí èèrà. Wọ́n tò kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́: o rẹwà, o rẹwà, o rẹwà, ọmọ dáadáa, o rẹwà. Ọ̀kan wà láàárín wọn tó ń dá rìn, tó ń tiro. Ó ní: imú yìí mà tóbi o. Fadérera fi gbogbo ìlà yòókù sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń lé ìyẹn nìkan. Ó wọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ó tún jáde, ó tún kọjá níwájú rẹ̀, ó ń tiro. Kò rí i pa.

"Gbé imú náà wá ká bá ẹ tún un ṣe," ni fóònù wí, ó ń ju ìrù.

Kò pẹ́ rárá. Ó yọ imú. Wọ́n dá a padà fún un, ó ti kéré bí ẹ̀pà, àtẹ́wọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Ó yọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó yọ ẹnu. Ó yọ iwájú orí tòun ti ṣùkú tó wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń yọ wọ́n bí ọmọdé tó ń bọ́ aṣọ létí odò, ó ń jù wọ́n sí wọn, wọ́n ń hán an. Nígbà tó máa fi mọ̀, kò sí nǹkan kan tó kù níwájú orí rẹ̀ mọ́. Ó ń ríran síbẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ ohun tó fi ń rí i. Ohun tó rí ni ojú kan tó dúró láàárín kọ́rídọ̀.

Ojú òun fúnra rẹ̀ ni. Ó dán bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Kò ní ọrùn, kò ní ẹsẹ̀, kò sì dà bí ẹni tó ń wá wọn.

"O kú iṣẹ́," ni Ojú wí fún un. Ohùn Fadérera ló fi sọ ọ́, èyí tó dáa nínú rẹ̀. "Ibi tó kù yìí, má ṣèyọnu. Mo lè dá a ṣe."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ kẹ̀? Lọ sinmi. Ẹni tí kò lójú, kí ló ń wá níbi tí wọ́n ti ń wòran?"

Gbogbo ọwọ́ yí sọ́dọ̀ Ojú. Ariwo tó sọ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ ò tó ìdajì rẹ̀. Ẹsẹ̀ Fadérera padà kan ilẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tútù ni.

Yàrá tó sún mọ́ ọn jù ṣí sílẹ̀, ó wọ ibẹ̀ láti wá ibi tó máa jókòó sí. Ọmọbìnrin kan wà nílẹ̀, nínú yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Apá rẹ̀ méjèèjì gba ẹ̀yìn wọ inú ògiri lọ, wọ́n yọ sí kọ́rídọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lọ́hùn-ún. Abọ́ ìrẹsì tó ti tutù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣíbí dúró ṣánṣán nínú rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni ọmọbìnrin náà wí.

"Èmi ni. Oyin."

"Irọ́ ni. Oyin wà níta, òun náà ni mò ń pàtẹ́wọ́ fún lọ́wọ́ yìí."

"Ojú mi nìyẹn. Èmi ni mo ni ín."

Ọmọbìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. "Ó dáa jù ẹ́ lọ."

"Mo mọ̀."

"Tíwalọlá lèmi. Má bínú o, mi ò lè bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọwọ́ mi ò sí nílé." "Èmi náà ní tèmi. Ojú tèmi wà nínú ilé kan tó gùn báyìí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un."

"Kí ló dé tí o ò lọ bá a?"

"Mo lọ. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí."

Fadérera yí padà láti máa lọ.

"Yéè, ẹ wá wo nǹkan!" ni Tíwalọlá ké. Ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu. "Ẹ̀yìn orí ẹ! Ó rí játijàti bí ìtẹ́ ẹyẹ. Onídìrí wo ló fi ẹ́ sílẹ̀ báyẹn?"

"Kò fi mí sílẹ̀. Èmi ni mo fi í sílẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fi ọwọ́ kan ìpàkọ́ rẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Wọn ò gbà á. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, kò sẹ́nì kan tó béèrè rẹ̀. Ó wá rí Àǹtí Wúràọlá lọ́kàn, bó ṣe jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì tó ṣófo, tó ń retí, tí àyè tí wọ́n fún un sì ń tán lọ. Fadérera fi bíńtín ohùn tó kù sí i lọ́fun kígbe pé, "Àǹtí ń dirun mi lọ́wọ́!" ó sì bẹ́ jáde.

Ojú gbọ́ igbe náà. "Wọ́n ń dirun níbì kan, o ò sì sọ fún mi?" Ó gbéra.

Nígbà náà ni eré wá di eré. Fadérera ń sáré, Ojú ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ bí abọ́ tí wọ́n jù, àwọn tó wà nínú yàrá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ wọn yọ nínú ògiri, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Wọ́n tú jáde. Ọmọ ilé ìwé ni gbogbo wọn, láti yàrá àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Ilé náà pàápàá yí orí padà, ó ń sáré lọ sílé. Wọ́n gba inú oko kòkó, èso kòkó ń já bọ́ gbìn-ìn gbìn-ìn. Wọ́n gba ẹ̀bá títì, àwọn tó ń ta dòdò gbé ọpọ́n wọn sókè kí wọ́n má bàa dà á nù. Tíwalọlá ń bọ̀ lẹ́yìn, ó gbá ìrẹsì rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń fi gbogbo ohùn pariwo: "Oyin, sáré! Ìwọ o! Ìwọ tó lẹ́sẹ̀!"

Ojú ló kọ́kọ́ dé.

"Àǹtí mi, mo ti dé," ni ó wí, tìfẹ́tìfẹ́.

Fadérera já wọlé tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì sọ èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Ta ló ń kí mi bí ẹni ń kí bíríkìlà?" ni Àǹtí wí. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí onídìrí nìyẹn?"

Fadérera mọ̀ pé ìkíni kan wà. Gbogbo obìnrin tó ń kọjá níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ló máa ń sọ ọ́, ó ti gbọ́ ọ láti kékeré. Ó wá a nínú orí. Inú orí náà dà bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ojú ò wá nǹkan kan. Ó bi fóònù, fóònù sì sọ fún un kíá.

"Ojú gbooro o!" ni Ojú wí.

"Òòyà á yà á o," ni Àǹtí dáhùn. Inú rẹ̀ dùn, ó mú òòyà. "Ọmọ mi lèyí. Jókòó, ká parí ẹ̀."

Ojú jókòó láàárín orúnkún Àǹtí. Èrò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gun ojú fèrèsé, wọ́n dì mọ́ òpó. Fadérera dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní ojú tó lè fi sunkún.

"Yí ẹ̀yìn sí mi," ni Àǹtí wí.

Ojú yí. Bó ṣe ń yí ni ó ń tín-ín-rín, títí tó fi dà bí etí abọ́, ó sì tún fẹ̀ padà. Ojú náà ló wà lódì kejì. Ó tún yí. Ojú ni. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Àǹtí níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i lẹ́yìn. Àǹtí fi òòyà sí i, òòyà yọ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ṣíbí ha àwo. Ó tún fi sí i. Ó tún yọ̀.

"Níbo ni mo dì dé?" ni Àǹtí bi í. "Fi ibi tí mo fi sílẹ̀ hàn mí."

"Ibi gbogbo ló ti parí," ni Ojú wí. "Ẹ wò ó, ó ti rẹwà."

"Mi ò béèrè ìyẹn."

Fadérera rìn lọ bá wọn, ó fi ìdí ti Ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí wọ́n ṣe máa ń ti ẹni tó gba ìjókòó ẹni, ó jókòó sórí ẹní, ó sì kọ ẹ̀yìn sí Àǹtí.

Ọwọ́ Àǹtí bà lé e. Ó dúró. Ó lọ sókè, ó bọ̀ nísàlẹ̀, ó kan irun tó tú, ó kan kókó eegun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó yí i ká.

"Ìpàkọ́ ràbàtà yìí," ni Àǹtí wí jẹ́ẹ́. Ó wá pariwo: "Ìpàkọ́ bàbá rẹ̀ tó rí bí ìdí odó! Ta ló tún lè ni ín ní gbogbo Ìkirè? Dérera! Ìwọ lo gbé ẹ̀yìn orí báyìí jáde kí gbogbo ayé rí i?"

"Wọn ò rí i, mà."

"Orí bá ẹ ṣe é!"

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì mú Fadérera náà. Kì í ṣe èyí tó ti fún wọn. Èyí há, ó ń dún bí ilẹ̀kùn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣí i gbẹ̀yìn, ẹnu sì gbọ́dọ̀ wà kó tó lè jáde, nítorí náà ẹnu wà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé ẹnu. Iwájú orí dé tòun ti ṣùkú rẹ̀. Imú ló dé gbẹ̀yìn, ó tóbi.

Àǹtí parí ẹ̀yìn náà. Kò kánjú. Ó la ìlà kan, ó dì í gòkè, ó la òmíràn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ Àǹtí ni wọ́n ń wò, ẹnu wọn là sílẹ̀. Nígbà tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní àtàrí, ó dìde, ó gbọn irun tó já kúrò lára ìró rẹ̀, ó sì jáde bí ẹni tó fẹ́ ra ata lódì kejì títì. Ó dé òdì kejì títì. Kò ra ata. Fadérera fi ojú sìn ín títí kò fi rí i mọ́, ooru ìka rẹ̀ ṣì wà ní gbogbo orí rẹ̀.

Ẹnì kan láàárín èrò gbé ọwọ́ lọ sẹ́yìn orí ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò. Ó figbe ta. "Ó wà níbẹ̀! Tèmi wà níbẹ̀!" Ni gbogbo wọn bá gbé ọwọ́ sẹ́yìn orí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gbaná. "Èmi náà ní! Fọwọ́ kàn án wò, jọ̀ọ́, fọwọ́ kàn án!" "Tìẹ mà tóbi o!" "Tìẹ ńkọ́, olórí àgbọn?" Wọ́n ń gbá ara wọn ní ìpàkọ́, wọ́n ń sá, wọ́n ń lé ara wọn yí òpó ká, wọ́n ń jó. Wọ́n tẹ Ojú mọ́lẹ̀ láìmọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àjà.

Tíwalọlá ò jó. Ó gbé ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn orí. Ọwọ́ náà lọ, ó ń lọ, kò kan nǹkan kan. Ó gbé e bọ̀, ó wò ó.

"Èmi ò ní," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ò yí padà.

Fadérera jókòó sórí àpótí, ó la orúnkún. "Wá."

"Kí lo fẹ́ dì? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Oyin."

"Fadérera lorúkọ mi. Jókòó."

"O mọ irun dì ni?"

"Mi ò dì í rí."

"Ó ti parí fún mi," ni Tíwalọlá wí, ó sì jókòó.

Fadérera fi òòyà la afẹ́fẹ́ sí méjì. Ó mú díẹ̀ lápá ọ̀tún, ó mú díẹ̀ lápá òsì, ó gbé ọ̀kan gun ọ̀kan, ó fà á. Kò sí nǹkan kan. Ó tún mú, ó tún gbé e gun ara, ó fà á. Ariwo ijó ti gba gbogbo ilé, ilẹ̀ ń mì tìtì. Ìka rẹ̀ ò mọ ohun tó ń ṣe, wọ́n sì ń ṣe é lọ. Ó mú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi gbogbo agbára fà á, èjìká Tíwalọlá sì ta sókè.

"Yéè! Ó ń dùn mí."

"Jókòó dáadáa," ni Fadérera wí, ó sì tún fà á.